Nígbà Tí Kò Bá Sí Transpose: Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdánwò Orin Láti Wọ Yunifásítì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé fèrè àti violin yín wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti Rẹ́mọ lọ́hùn-ún.

Orí bọ́tìnnì kan la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà lára ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù. Transpose ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń lu kíbọ́ọ̀dù náà ti kọ́ ìka rẹ̀ sórí kíì C nìkan, ìyẹn orin tó fìdí kalẹ̀ sórí nóòtù C. Bí ẹni tó ń dá orin bá gbé e sí E flat, á tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìka rẹ̀ ò kúrò ní C, etí ìjọ á sì gbọ́ E flat. Orin ń lọ, ìjọ ń jó, kò sẹ́ni tó fura.

Lọ́jọ́ tí ẹni yìí bá wọlé síwájú àwọn olùdánwò ní yunifásítì, dùùrù onígi ló máa bá níbẹ̀, èyí tí òòlù ń lu okùn irin nínú ikùn rẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì lára rẹ̀, kò sì sí ìlù tí ẹ̀rọ ń lù fúnra rẹ̀. Wọ́n á ní, "Lu scale E flat, octave méjì, ọwọ́ méjèèjì pọ̀." Ìyẹn ni pé kó to àwọn nóòtù kíì náà tẹ̀ lé ara wọn gòkè, kó sì sọ̀ kalẹ̀; láti E flat kan dé èyí tó tẹ̀ lé e lókè ni octave kan. Ẹni tó ti ń lu orin fún ọdún mẹ́jọ á wá máa táràrà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú.

Ohun tí ìdánwò yìí ń wò nìyẹn: kí ló kù lọ́wọ́ yín nígbà tí wọ́n bá ti mú bọ́tìnnì, àńpù, onílù àti àtẹ́wọ́ ìjọ kúrò? Ìmúrasílẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ tètè mú wọn kúrò fúnra yín nílé, kẹ́ ẹ rí ohun tó kù, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe kí ọjọ́ tó pé.

Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àmọ́ ẹ sábà máa bá nǹkan márùn-ún pàdé: orin méjì tí ìṣe wọn ò jọra, scale, kíka orin tí ẹ kò rí rí, ìdánwò etí, àti ìbéèrè lẹ́nu. Àwọn kan á fi tíọ́rì orí ìwé kún un. Nítòsí wa, ẹ̀ka orin wà ní Babcock ní Ìlíṣàn, ó wà ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Èkó. Ti Nsukka, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1961, ni àgbà gbogbo wọn ní Nàìjíríà. Ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ ti gba àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń fẹ́, kẹ́ ẹ sì wo ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB ti ọdún yẹn fún iṣẹ́ mẹ́rin tí ẹ máa ṣe. Máàkì tó pọ̀ nínú 400 kò lè bá yín lu scale, scale tó dán kò sì lè dípò kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí dùndún jẹ́ ohun èlò rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè kó tó gba fọ́ọ̀mù bóyá ẹ̀ka náà gbà á bí ohun èlò àkọ́kọ́, tàbí wọ́n á tún ní kó mú òmíràn mọ́ ọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó dé lè fi ìdánwò ABRSM, àjọ onídánwò orin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ara rẹ̀. Ìpele mẹ́jọ ló ní. Ẹni tó máa ṣe ìpele kẹfà lórí ohun èlò gbọ́dọ̀ ti yege nínú tíọ́rì ìpele karùn-ún tàbí ohun tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Lójú tiwa, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró dáadáa ní ìpele kẹrin sí ìkarùn-ún lè wọlé lọ láìgbọ̀n, yálà ó ní ìwé ẹ̀rí náà tàbí kò ní.

Orin tó le jù ló ń tú àwọn ọmọ wa fó. Wọ́n á gbọ́ ọ lórí YouTube, wọ́n á fi oṣù mẹ́ta bá a wọ̀yá ìjà, ojú ewé kejì á sì fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa dán orin wò kẹ́ ẹ tó yàn án rèé: ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan péré láàárọ̀ kí ara tó yá, láìdúró, láìpadà sẹ́yìn. Kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra. Bó bá já lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta, ẹ gbé e sílẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé tán. Kí ọ̀kan nínú méjèèjì falẹ̀ kó sì gùn lóhùn, kí ìkejì yára. Ẹ tún rántí pé wọ́n lè dá yín dúró láàárín orin. Kì í ṣe ìbínú, wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń wá ni. Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo agbára yín pa mọ́ de ìparí.

Ọ̀rọ̀ sol-fa wá kàn, ìyẹn d, r, m, f, s, l, t tí a fi ń pe ohùn orin. Àwọn kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, a ò bá wọn ṣe é. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ti ní ìdajì iṣẹ́ lọ́wọ́, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wa sì ti gbọ́ dò, re, mí nídìí àmì ohùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orí ìlà márùn-ún ni wọ́n kọ ìwé tí wọ́n máa gbé síwájú yín sí. Afárá tó so méjèèjì pọ̀ ò gùn. Ẹ wo àwọn àmì tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà. Bó bá jẹ́ sharp (♯, àmì tó ń gbé nóòtù sókè díẹ̀), èyí tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni t, nóòtù tó tẹ̀ lé e lókè ni d. Bó bá jẹ́ flat (♭, èyí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀), èyí tó gbẹ̀yìn ni f, kẹ́ ẹ kà á wálẹ̀: f, m, r, d. Ká ní flat mẹ́ta la rí, B, E, A. A flat ni f, G ni m, F ni r, E flat ni d. Ó parí. Ká ní sharp mẹ́rin ni, F, C, G, D. D sharp ni t, E ni d. Bí orin bá fìdí kalẹ̀ sórí l dípò d, minor ni.

Ẹ mú ìwé orin ìjọ tó ní ìlà márùn-ún, kẹ́ ẹ ṣí ojú ewé mẹ́wàá lójúmọ́, kẹ́ ẹ kàn máa fìka tọ́ka sí d, láìkọrin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi sol-fa kọ ìlà àkọ́kọ́ nínú orin kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ yìí kan náà ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé tí ẹ kò rí rí síwájú yín. Nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti wò ó. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ tán sórí nóòtù àkọ́kọ́. Ẹ wá d, ẹ ka iye beat (ìgbésẹ̀ orin tí ẹsẹ̀ máa ń lù), ẹ wá nóòtù tó kúrú jù torí òun ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe lè yára tó, ẹ wo ibi tí sharp tàbí flat àlejò bá wà. Kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nóòtù tó bá já bọ́, ẹ fi sílẹ̀. Beat ni kò gbọdọ̀ já.

Ẹ̀yin afunfèrè náà ní bọ́tìnnì tiyín, àfi pé inú irin ló wà. Bí trumpet B flat bá fun C orí ìwé, B flat ni yóò dún lára dùùrù. Ti alto saxophone, E flat ni yóò dún. Nítorí náà, bí dùùrù bá wà ní D, trumpet á máa ka E tó ní sharp mẹ́rin, alto á máa ka B tó ní sharp márùn-ún. Ẹni tó ti ń fi etí nìkan bá ìjọ fun fèrè kì í mọ ohun tó ń ṣe lọ́nà yìí, ìka rẹ̀ ló kàn mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni àṣìṣe kan ti ń wáyé: ọmọ á gbé ìwé trumpet fún ẹni tó máa bá a lu dùùrù. Àwọn méjèèjì ka C. Dùùrù dún C, fèrè dún B flat, orin méjèèjì wá ń fi ẹ̀gbẹ́ gbá ara wọn títí dé òpin. Ìwé dùùrù tó bá orin náà wá ni kẹ́ ẹ fún un, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ sì jùmọ̀ lu orin náà lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orin inú fóònù, kì í dúró de ẹni tó bá fẹ́ mí.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá tó fún iṣẹ́ yìí. Kíì major kan àti minor kan lọ́sẹ̀ kan: mẹ́rìnlélógún náà á pé. Ẹ̀yin onídùùrù, ẹ fi sẹ́lótéèpù bo transpose lónìí. Ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tó ní dùùrù onígi, kẹ́ ẹ bẹ ọ̀gá akọrin ibẹ̀ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, torí ibi títẹ̀ ti kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì fúyẹ́, ti dùùrù onígi wúwo, ọwọ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n á rẹ̀ kí orin kejì tó parí. Wákàtí kan ààbọ̀ lójúmọ́ tó: ìṣẹ́jú 15 fún ohùn gígùn tàbí ìka, 20 fún scale, 35 fún orin méjèèjì, 10 fún ìwé tí ẹ kò rí rí, 10 fún etí. Metronome, ẹ̀rọ tó ń ka beat, wà lórí fóònù. Bẹ́ ẹ bá ti lu ibi tó le lẹ́ẹ̀mẹta láìṣì ní 60 beat nínú ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e sí 64, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi mẹ́rin mẹ́rin gòkè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 100 á kàn kọ́ àṣìṣe tó yára ni. Bí NEPA bá mú iná lọ, iṣẹ́ etí ò fẹ́ iná: kí ẹnìkan fi àtẹ́wọ́ lu ìlù kékeré kan, kẹ́ ẹ dá a padà, kí ó kọ gbólóhùn orin kan lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi "la" kọ ọ́. Ohùn yín ò nílò kó dùn, kó ṣáà bọ́ sójú ibi tó yẹ.

Ohun èlò fúnra rẹ̀ náà ń ja èèyàn kulẹ̀. Trumpet ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká wò. Ẹ yọ fáàfù, àwọn mẹ́ta tí ìka ń tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ tí kò ní fọ́nrán nù ún, ẹ kán òróró fáàfù sí i bí ẹ̀kán mẹ́ta. Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1, 2, 3. Bí 1 bá bọ́ sílé 3, afẹ́fẹ́ ò ní kọjá, ọmọ á máa fẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, fèrè ò ní fọhùn, òun á rò pé ẹ̀rù ló ń ba òun. Bẹ́ ẹ bá dá a padà, ẹ yí i jẹ́jẹ́ títí á fi dún "tá" sínú ipò rẹ̀. Bí ẹnu fèrè bá há, ẹ má fi plier fà á, ọ̀pá tó gbà á ni yóò yí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ohun èlò tí wọ́n fi ń fà á yọ.

Reed tuntun (pẹlẹbẹ esùsú tó wà lẹ́nu saxophone) lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀fọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fun mẹ́rin, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn. Méjì tó bá dára jù lọ ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ti violin, ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Igi á fún, èèkàn tí okùn wé mọ́ á yọ̀, okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tú lórí ìrìn. Ẹ máa ti èèkàn sínú díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yí i, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa á bí kò bá gbà. Kẹ́ ẹ mú okùn E kan dání, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ já.

Ẹni tó ń lọ Èkó tàbí Ifẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa kí ó dé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Orí ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ohun èlò lé nínú bọ́ọ̀sì, kì í ṣe bọ́ọ̀tù lábẹ́ àpò gàrí. Bí yàrá ìdánwò bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, fèrè tó bá tutù á rẹlẹ̀ ju dùùrù lọ. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú rẹ̀ láìfun, kẹ́ ẹ tó gba ohùn lára dùùrù. Ẹ kí wọn bí ọmọ tí a kọ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé fèrè sílẹ̀ o! Ọ̀pá trombone tó bá tẹ̀ nítorí ìdọ̀bálẹ̀ kì í rọrùn láti nà. Bẹ́ ẹ bá ṣì, ẹ má tọrọ àforíjì, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Fọ́tòkópì orin yín mẹ́ta fún àwọn olùdánwò, pẹ́ńsù kan, omi.

Àwọn òbí kan béèrè nípa trumpet tòkunbọ̀. Ó dára láti rà, bẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo ibi tí irin ti tẹ̀, pàápàá lára ilé fáàfù. Èyí tó tẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tẹ fáàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kíákíá, kí wọ́n padà sókè láìlọ́ra. Lẹ́yìn náà, láìtẹ fáàfù kankan, ẹ rọra fa ọ̀pá kékeré ti fáàfù kejì yọ. Bó bá dún "pọ́" bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìgò, afẹ́fẹ́ ò jò níbẹ̀. Ẹ ṣe é fún ti èkíní àti ẹ̀kẹta náà kẹ́ ẹ tó sanwó.