Àṣírí Owó Oṣù: Ẹjọ́ Lilly Ledbetter Nínú Fíìmù àti Nílé Ẹjọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ péjú síbí, fíìmù tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni Lilly, èyí tí Rachel Feldman darí, tí Patricia Clarkson sì kó ipa Lilly Ledbetter nínú rẹ̀. Ìjà obìnrin kan pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ńlá ló wà lójú ìtàn náà, ṣùgbọ́n àṣírí owó oṣù ló wà nídìí rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní 1979 ni Ledbetter bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alábòójútó ní ilé iṣẹ́ táyà Goodyear ní ìlú Gadsden, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọdún 1997 fi ń parí lọ, òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń gba dọ́là 3,727 lóṣù, nígbà tí ọkùnrin tí owó tirẹ̀ kéré jù láàárín wọn ń gba 4,286, tí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù sì ń gba 5,236. Kò mọ̀. Ẹnì kan tí kò fi ara rẹ̀ hàn ló fi ìwé pélébé kan sílẹ̀ fún un, tí iye tí òun àti àwọn ọkùnrin kan ń gbà wà nínú rẹ̀.

Ó pẹjọ́. Àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà dá a láre, wọ́n sì ní kí wọ́n san owó gbà-má-bìínú tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là fún un, èyí tí gbèdéke òfin mú kí adájọ́ dín kù sí 360,000. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà dànù, nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2007, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fara mọ́ kòtẹ́milọ́rùn: adájọ́ márùn-ún gbà bẹ́ẹ̀, mẹ́rin kọ̀. Òfin ní kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ mú ẹ̀sùn wá láàárín 180 ọjọ́. Adájọ́ Samuel Alito, tó kọ ìdájọ́ náà, sì sọ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti pinnu iye owó náà ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó wò: bí ọ̀gá bá lè pa ìpinnu rẹ̀ mọ́ ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹjọ́ lè ti kú kí ẹni tó ni ín tó gbọ́ rárá.

Ruth Bader Ginsburg, obìnrin kan ṣoṣo tó kù láàárín àwọn adájọ́ náà nígbà yẹn, ka àtakò rẹ̀ sókè nínú ilé ẹjọ́, ohun tí wọn kì í sábà ṣe níbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé díẹ̀díẹ̀ ni ìyàtọ̀ owó ń gbèrú, àti pé iye tí ẹlòmíràn ń gbà sábà máa ń pa mọ́ fún òṣìṣẹ́. Ó wá ní kí àwọn aṣòfin tún òfin náà ṣe. Feldman kò fi òṣèré rọ́pò rẹ̀: Ginsburg fúnra rẹ̀ là ń wò nínú fíìmù náà. Mo fara mọ́ èyí gidigidi, nítorí kò sí eré tó lè tú ọ̀rọ̀ òfin náà palẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2009, Barack Obama bu ọwọ́ lu òfin tí wọ́n fi orúkọ Ledbetter pè, òfin àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Láti ìgbà náà, owó oṣù kọ̀ọ̀kan tí ìrẹ́jẹ bá wà nínú rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ kíkà 180 ọjọ́ lákọ̀tun. Charles, ọkọ rẹ̀, ti kú ní oṣù tó ṣáájú. Ledbetter kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú ẹjọ́ náà, owó oṣù kékeré yẹn náà ni wọ́n sì fi ṣírò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, títí tó fi kú ní oṣù Kẹwàá 2024 ní ẹni ọdún 86.

Àṣírí náà ńkọ́? Òfin 2009 kò fọwọ́ kàn án. Láti 1997 ni àbá òfin kan, tí yóò dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá sọ iye tó ń gbà fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti ń dé iwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà. Ledbetter polongo rẹ̀ kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ Sẹ́nétì kò tíì fọwọ́ sí i.