Èló Ni Tìẹ Níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ Fún Àwọn Tó Fẹ́ Gba Owó Àánú Kiri Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ fẹ́ jáde lọ́la lọ gba owó fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rówó ọsibítù san. Mo ti ṣe é rí, ní Pòrògùn àti Ìwàdé, fún ọmọ kan tí ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n tí gbèsè kò jẹ́ kó lọ sílé.

Wọ́n á sọ fún yín pé Ìjẹ̀bú fẹ́ràn owó, pé kì í fi tọrẹ. Irọ́ ni. Ẹ wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́-ọjọ́-orí, lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá: ìdáwó ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń rí, ìdáwó náà ni wọ́n sì fi ń tún ìlú ṣe. Ohun tí Ìjẹ̀bú kò fẹ́ ni kí owó òun wọ ibi tí ojú òun kò tó.

Ẹ rántí pé alájọ ti kan ilẹ̀kùn wọn ṣáájú yín. Ojoojúmọ́ ló ń wá, tó ń sàmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan di tirẹ̀. Nílé kẹta tí mo dé, bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe wò mí lójú, ó ní, "Èló ni tìẹ níbẹ̀?" Inú bí mi débi pé mo fẹ́ yí padà. Àṣé ó tọ́ kó bi mí. Mo ní, "Kò sí tèmi, Bàbá." Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n fọwọ́ sí i. Ojú ìwé kìíní ni mo kọ ọ́ sí.

Wọ́n á tún bi yín pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ẹ dárúkọ bàbá yín àti àdúgbò yín. Orúkọ náà ni onídùúró yín.

Ẹ máa lọ ní méjì-méjì, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín níta.

Màmá kan ní Ìwàdé kò ní owó lọ́wọ́. Ó wọn gàrí kóńgò kan fún mi. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: gàrí, kóńgò kan. A tà á, mo kọ iye tí a tà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ti délé, mo gbé ìwé padà lọ bá gbogbo àwọn tó dá owó. Màmá ní, "Ka tèmi." Mo kà á. Ló bá pe aládùúgbò rẹ̀, ẹni tí kò ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ kìíní: "Ẹ wá gbọ́ o!" Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó wọlé, ó mú ₦500 jáde. Mo ní ọmọ yẹn ti lọ sílé. Ó ní kí n fi pamọ́ de ọmọ mìíràn.

₦500 yẹn ló wà ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé tí ẹ máa gbé jáde lọ́la.