Owó Ń Lọ sí Sùpámákẹ́ẹ̀tì, Àwìn Ń Bọ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Àdúgbò

Níbi ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò wa n'Íbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún un kọ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ nínú ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò, mo kí yín. Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yín nítorí ìpàdé yìí, ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi dìde. Tí owó oṣù bá wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa wọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ tàbí Ring Road, a ó wọ sùpámákẹ́ẹ̀tì, a ó kó ọjà, a ó sì san owó lójú ẹsẹ̀. Tó bá wá di ogúnjọ́ oṣù, tí àpò ti gbẹ, ọmọ la máa ń rán sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkángun títì: "Ẹ káàsán mà, màmá mi ní kí ẹ fún wa ní ìrẹsì kóńgò kan, àwọn ń bọ̀ wá san án." Ẹni tó ń gba owó wa kò mọ̀ wá rí. Ẹni tó mọ̀ wá, tó mọ àwọn ọmọ wa lórúkọ, àwìn la gbé lọ bá a. Ìwà yìí kò dáa, ó ń pa ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, tó bá sì pa á tán, àwa náà la máa jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣe fún wa. Agbẹni ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra ìpápánu, mílíìkì, ọṣẹ àti nǹkan alágolo. Bódìjà ni wọ́n ti ń ra ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí. Wọ́n ra á ní páálí àti ní àpò, wọ́n san owó mọ́tò àti owó alárùú, wọ́n wá tú u fún wa ní kóńgò, ní agolo mílíìkì, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyin kan, Maggi méjì, òróró inú ìgò kékeré, ṣúgà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí iyọ̀ bá tán tí ọbẹ̀ sì wà lórí iná, kò sí sùpámákẹ́ẹ̀tì kankan tó máa gbà wá.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọjà àdúgbò wọ́n. Òótọ́ wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fi gíráàmù ṣírò ọ̀rọ̀ náà, mílíìkì inú sáṣẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wọ́n ju ti agolo ńlá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní owó agolo ńlá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Bíríkìlà, aránṣọ, ẹni tó ń gun ọ̀kadà, owó tòní ni wọ́n fi ń jẹun tòní. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ló gba àpò ìrẹsì dúró fún wọn. Owó tirẹ̀ ló há sínú àpò yẹn títí kóńgò tó kẹ́yìn fi máa tà. Ẹ sì tún fi owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kún iye tí ẹ fi ra nǹkan ní Dùgbẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ó dínwó.

Ó yẹ ká wá ṣírò èrè náà, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó pọ̀. Ká ní ìyá kan ra páálí indomie kan ní 8,000 náírà. Ẹyọ 40 ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹyọ kan jẹ́ 200. Ó wá ń tà á ní 230. Tó bá ta gbogbo rẹ̀ tán, 1,200 náírà ni èrè rẹ̀, kò tíì yọ owó mọ́tò, owó iná àti owó ṣọ́ọ̀bù. Ìdílé kan wá gba ẹyọ mẹ́fà láwìn, wọn kò sì san án mọ́. Ẹyọ 34 ló rí tà, owó tó wọlé fún un jẹ́ 7,820. Iye tó fi ra páálí náà gan-an kò pé mọ́, ó fi 180 náírà dín. Ẹyọ mẹ́fà péré! Èrè páálí kan ti lọ, ó sì ti jẹ nínú ojú owó.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ san án, ìgbà tí wọ́n san án ṣe kókó. Ẹ jẹ́ ká gbà pé oṣù méjì ni wọ́n fi fà á, tí páálí náà sì ti di 9,000. Ẹyọ kan ti di 225. Owó 1,380 tí wọ́n san fún mẹ́fà àkọ́kọ́, tó bá fi ra mẹ́fà mìíràn, 30 náírà ló máa ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ dípò 180. Gbogbo wa la mọ bí ọjà ṣe gbówó lórí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ní oṣù kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, onígbèsè tó san gbogbo owó rẹ̀ pé láìkù kọ́bọ̀, tó bá ti pẹ́, ó ti jẹ ẹni tó fún un lọ́jà ní gbèsè mìíràn tí kò sí nínú ìwé.

Àwìn kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ, ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú àti ìletò nígbà ayé àwọn bàbá wa. Ẹni tí kò bá san owó, wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn kò ní dìde títí owó fi máa jáde. Ìtìjú ni wọ́n fi ń gba gbèsè. Ṣùgbọ́n òṣómàáló, àlejò ni nílùú tó ti ń tajà. Tó bá gba owó rẹ̀ tán, ó kọjá sí ìlú mìíràn. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò kò lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà. Ilé ìwé kan náà ni àwọn ọmọ wọn wà. Tó bá pariwo, wọ́n á ní ó lẹ́nu. Tó bá dákẹ́, owó rẹ̀ wọgbó.

Mo bẹ ìyá kan pé kó jẹ́ kí n wo ìwé àwìn rẹ̀, ó sì gbà. Ìwé ọmọ ilé ìwé ni, bírò tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìṣó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ àbísọ: Ìyá Ìbejì, Tíṣà, Àfáà, Onígéètì Aláwọ̀ Ewé, Ọmọ Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Oníkẹ̀kẹ́ Maruwa. Ó ti fa ìlà sí orí àwọn tó ti san. Àwọn mìíràn wà tí iye wọn kàn ń ga sókè láti ojú ewé kan dé èkejì, tí kò sí àmì pé wọ́n san ohunkóhun. Ó sọ fún mi pé nígbà mìíràn òun a máa rí ẹni tó jẹ òun lówó tó ń kọjá ní òdìkejì títì, tó gbé ọ̀rá sùpámákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Òun a yára wo ibòmíràn, kí ojú má baà ti onítọ̀hún. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí a jẹ lówó ló ń bá wa bo ìtìjú wa.

Ní ìrọ̀lẹ́, alájọ á dé pẹ̀lú káàdì rẹ̀. Àwọn tó ń dá àjọ ojoojúmọ́ mọ bó ṣe rí: iye kan náà lóòjọ́, tí oṣù bá parí, alájọ á mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, á sì kó ìyókù fún ẹni tó ni í. Owó àjọ yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń padà lọ sí Agbẹni. Ọjọ́ tó bá jẹ́ pé àwìn nìkan ni ọjà tó tà, káàdì yẹn ṣófo. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí orí pákó ṣọ́ọ̀bù kan ń ṣófo díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á máa to agolo síwájú kí ẹ̀yìn má baà hàn, títí ilẹ̀kùn á fi di títì pátápátá.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún 2023. Báńkì àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kẹwàá 2022 pé àwọn máa pààrọ̀ owó. Wọ́n fi gbèdéke sí 31 oṣù kìíní, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Owó tuntun kò sí, wọn kò gba ti àtijọ́, títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé kí wọ́n ṣì máa ná ti àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Àwọn oní-POS ń ta owó bí ẹni ń ta ẹran. Tiransifáà kì í lọ, tó bá sì lọ, alẹ́ẹ̀tì kì í dé. Ta ló bọ́ wa? Àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí ni. Wọ́n ní, "Ẹ máa gbé e lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé ẹ fi ránṣẹ́." Wọn kò bèèrè ìwé ẹ̀rí, wọn kò bèèrè onígbọ̀wọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kò tíì dé títí di òní.

Mi ò bá sùpámákẹ́ẹ̀tì jà. Wọ́n ní ìwúlò tiwọn, wọ́n sì ń gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wá, wọ́n sì ń lọ. Kingsway tó gbajúmọ̀ ní Marina l'Ékòó láti ọdún 1948 ti di ìtàn. Shoprite wọ Nàìjíríà ní 2005. Ní 2020, àwọn ará South Africa tó ni í kéde pé àwọn fẹ́ kúrò, wọ́n sì tà á fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 2021. Ìṣirò òwò ni, kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Ìyá wa tó wà ní ìkángun títì kò ní ibi tó ń lọ, àyàfi tí àwa bá jẹ owó rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ. Àwọn kan lára yín ń lu ìdí kóńgò wọlé kó má baà gba ìrẹsì tó yẹ kó gbà. Olè ni. Àwọn kan ń ta nǹkan tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, wọ́n á fi ọwọ́ nu déètì tó wà lára rẹ̀. Ìyẹn lè gbẹ̀mí ènìyàn. Ẹ kọ iye owó ọjà síbi tí a ti lè rí i. Òfin tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, òfin ọdún 2018, sọ pé ó gbọ́dọ̀ hàn sí oníbàárà. Ó sì máa ń dun ènìyàn tó bá jẹ́ pé iye tí wọ́n pè fún un yàtọ̀ sí iye tí wọ́n pè fún aládùúgbò rẹ̀.

Àwa tó ń rajà, tí owó bá dé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà ní ṣọ́ọ̀bù tó bá wa gbé e nígbà tí kò sí, ká san án kí ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ dẹ́kun rírán ọmọ láti lọ gba àwìn. Ẹ fúnra yín lọ, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa san án. Ọmọ tí ẹ rán ni wọ́n ń bi léèrè owó nígbà tó bá ń kọjá lọ sílé ìwé, kò sì ní èsì kankan.

Ọ̀dọ́kùnrin kan bi mí léèrè ìdí tí òun fi ní láti ra nǹkan tó wọ́n jù nítorí àánú. Mo ní kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí àánú. Tó bá fẹ́ ra àpò ìrẹsì odindi, kó lọ sí Bódìjà, ó máa dínwó fún un. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì, ẹyin, iyọ̀, ọṣẹ, omi, àwọn nǹkan tí à ń rà lójoojúmọ́, kó máa fi owó rà wọ́n níbí, kì í ṣe àwìn nìkan.

Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù wá bèèrè ohun tó yẹ kí òun ṣe sí ayálégbé tó kó ẹrù jáde lóru tòun ti gbèsè. Mo ní kó fi gbèdéke sí àwìn, kí ẹnikẹ́ni má kọjá iye kan bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ tó, kó má sì gbé owó ẹni tó sá lọ lé orí ọjà, nítorí àwọn tó ń san owó wọn déédéé ló máa san án. Bàbá onílé kan dìde níbẹ̀. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kí òun tó dá owó kọ́ṣọ̀n padà fún ayálégbé tó ń kó jáde, òun á kọ́kọ́ bi àwọn ọlọ́jà bóyá ó jẹ wọ́n lówó. Àwọn onílé mìíràn ní àwọn náà á máa ṣe bẹ́ẹ̀, akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.