Ohun Tó Ń Pa Rọ́bà Omi Àwa Tí À Ń Fọ Fèrèsé

Ẹ wo ibi tí ìka mi wà yìí. Ibi tí rọ́bà yìí kán sí nìyí. Kò bẹ́ o. Ó ká pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo nà án, àmọ́ látìgbà náà, ibẹ̀ náà ló máa ń ká sí. Ẹ ti na ọ̀pá tó ń gbé omi lọ sí búrọ́ọ̀ṣì sókè, búrọ́ọ̀ṣì ti kan gíláàsì, omi dá wáí! Ó di kí ẹ máa tọ rọ́bà lẹ́yìn padà, kí ẹ wá ibi tó ti lọ́.

Tí ọ̀pọ̀ wa bá fẹ́ ra rọ́bà, bó ṣe lè gba agbára omi tó la kọ́kọ́ ń bèèrè. Pọ́ǹpù kékeré oníbátìrì inú ọkọ̀ wa kì í sábà ju báà 7 lọ (báà la fi ń wọn agbára omi), ìyẹn kọ́ ló ń pa rọ́bà. Kíká ni, igun ògiri ni, oòrùn ni, àti táyà ọkọ̀ tó gùn ún kọjá.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ká a roboto bí ẹnu ife. Tó bá ya pẹlẹbẹ, ẹ dá a padà. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, kí ẹ rí òwú tí wọ́n hun sáàárín. Èyí tí kò ní òwú, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó.

Bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó wá ńkọ́? Rọ́bà 100 mítà tí inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6, omi tó wà nínú rẹ̀ kò tó lítà 3. Tó bá jẹ́ mílímítà 12, ó lé ní lítà 11: kílò 11 lẹ ó máa wọ́ yí ilé ká nìyẹn, láìka rọ́bà fúnra rẹ̀. Tín-ín-rín fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ pọ́ǹpù á jìyà kí omi tó kọjá. Lójú tèmi, mílímítà 6 tàbí 8 tó fún rọ́bà tó lọ sí ìdí ọ̀pá. Èyí tó fẹ̀ ni kí ẹ fi gbé omi láti táńkì ńlá sínú ti ọkọ̀, àbí ta ló fẹ́ dúró ti táńkì títí ilẹ̀ á fi mọ́?

Èyí tó ń fa omi wọ pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ní wáyà tó lọ́ yí i ká, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fà mọ́ra. Ẹ má sì jẹ́ kí èyí tó mọ́ gaara tàn yín. Ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, nǹkan aláwọ̀ ewé yọ̀ọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀.

Èyí tó kán lọ́wọ́ mi yìí? Mo gé ibẹ̀ dànù, mo fi ẹnu idẹ so ó pọ̀, mo fún òrùka irin méjì mọ́ ọn. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.