Ọ̀dú: Ká Dá A Mọ̀ Ká Tó Gbìn Ín

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará Ìbàdàn tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé. Àwọn àgbà ní ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Olóko ayé ìgbà yẹn ni o. Àwa tó jẹ́ pé dídì la ti mọ̀ ọ́n lórí àtẹ ní Bódìjà, bó bá lalẹ̀ hù létí ààtàn, fífà la ó fà á tu.

Ewé nìkan kò tó ẹ̀rí. Mọ̀lẹ́bí ni ọ̀dú, ata, ikàn àti apìkán, wọ́n sì jọra gan-an nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ẹ dúró de òdòdó. Ti ọ̀dú funfun, ó kéré, ó pín sọ́nà márùn-ún, ó sì yọ ṣónṣó pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè láàárín. Ẹ wá wo ibi tó ti yọ: kì í ṣe abíyá ewé. Ọ̀pá tín-ínrín kan ló ń yọ lára igi gbalaja, láàárín ewé kan sí èkejì, orí rẹ̀ ni òdòdó mélòó kan ti ń so kọ́ tí wọ́n dorí kodò. Ata kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oríta ẹ̀ka ni òdòdó tiẹ̀ máa ń wà. Apìkán ní tirẹ̀, òdòdó rẹ̀ gùn bíi kàkàkí, èso rẹ̀ kún fún ẹ̀gún. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, orí rẹ̀ á dàrú.

Ẹni tó bá fi èdè òyìnbó wá ọ̀dú lórí íntánẹ́ẹ̀tì á bá belladonna, ewéko olóró kan, pàdé, ẹ̀rù á sì bà á. Ewéko ilẹ̀ Yúróòpù àti agbègbè rẹ̀ nìyẹn. Kì í lalẹ̀ hù lọ́dọ̀ wa. Èso tiẹ̀ ń dá so ni, kì í ṣe ní òṣùṣù.

Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ gé ẹ̀ka tó ní òdòdó àti èso, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí FRIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa igbó, ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí ní Jẹ́ríkò. Ẹ má gbé ewé nìkan lọ.

Èso ọ̀dú tí kò tíì pọ́n ní májèlé solanine. Inú rírun àti èébì ló ń fà. Ewé la ń jẹ, ká bọ̀ ọ́, ká da omi rẹ̀ nù.

Láti gbìn ín, ẹ mú èso tó ti dúdú bí àlùkò lára igi tó pẹ́ kó tó yọ òdòdó. Ẹ fọ́ ọ sínú omi fún ọjọ́ méjì. Ẹ ṣàn án, kí ẹ sá irúgbìn tó rì sábẹ́ omi síbi ìbòòji. Ó wẹ́ púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú kan ni yóò ti hù. Ẹ bu erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Bó bá jìn, kò ní jáde. Ọjọ́ 5 sí 10 ló ń hù. Ẹ ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí rẹ̀ kíá tó bá ti yọrí, kó má baà ga tín-ínrín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 5, nígbà tó bá ní ewé 4 sí 6, ẹ lọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́, 30 sẹ̀ǹtímítà síra. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, kílò 2 fún mítà kan níbùú lóròó, ni kí ẹ ti pò mọ́lẹ̀ ṣáájú. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni gígé ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé e ní 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀, kí ojú tí yóò tún rúwé ṣẹ́ kù. Ẹ máa já òdòdó. Tó bá ti ń so, ewé á máa kéré sí i.

Bí ewé rẹ̀ bá ń rọ lọ́sàn-án bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ rin, ẹ fa ọ̀kan tu. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ní kókó, aràn inú ilẹ̀ ni. Kò sí oògùn tó ń wo ìyẹn sàn mọ́ lọ́dún náà: ẹ tu gbogbo rẹ̀, ẹ sun ún, kí ẹ sì fi àgbàdo síbẹ̀. Tòmátò, ata àti ikàn ò gbọdọ̀ tẹ̀lé e.