Ọmọ Ni Kẹ́ Ẹ Wò, Ẹ Má Wo Olùkọ́

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ sún mọ́bí. Òjò ń rọ̀ n'Ìbàdàn, ó ń lu páànù, torí náà mo máa gbé ohùn sókè díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní yunifásítì ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ̀ ń múra TP, ìyẹn teaching practice, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní iléèwé. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo pé ká mú ọgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè wọ iṣẹ́ yìí. Ó dáa. Báwo la ṣe ń ṣe é? Síláìdì! Finland rèé, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní máàsítà. Singapore rèé, ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ àwọn olùkọ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ya fọ́tò síláìdì, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á lọ jẹun. Kíláàsì tó wà lápá Ọjà'ba ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mú wá lónìí. Japan ló ti wá. Jugyō kenkyū ni wọ́n ń pè é, lesson study lẹnu àwọn Òyìnbó. Olùkọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó ti iṣẹ́ ọjọ́ kan péré, wọ́n á jọ gbèrò ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹnì kan á kọ́ ọ, àwọn yòókù á wá wò ó, wọ́n á wá jọ tú u palẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìgbà tí àwọn olùwádìí gbé kámẹ́rà wọ kíláàsì ìṣirò 231 ní Jámánì, Japan àti Amẹ́ríkà, ní 1994 sí 1995, ni ọ̀pọ̀ èèyàn níta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè pé kí làwọn ará Japan ń ṣe gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń kọ lesson note, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi ìyẹn yọ yín lẹ́nu. Àmọ́ ẹ dúró níbi àpótí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ibi tá a máa ń kọ ohun táwọn ọmọ máa ṣe sí nínú lesson note. Kí la máa ń kọ síbẹ̀? Ẹ má purọ́ fún mi o. "Àwọn ọmọ fetí sílẹ̀, wọ́n sì dáhùn ìbéèrè." Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n fetí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, wọ́n ṣì ń fetí sílẹ̀. Ṣé etí ò ro wọ́n ni?

Ní Japan, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń pẹ́. Ohun tí ọmọ máa sọ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, pàápàá èyí tó máa ṣì sọ, àti ohun tí olùkọ́ máa ṣe bó bá sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá wo iṣẹ́ yẹn: ojú wọn kì í wà lára olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ibí yìí la ti máa ń bà á jẹ́: ỌMỌ NI KẸ́ Ẹ WÒ! ẸNI TÓ Ń KỌ́NI KỌ́!

Nígbà TP tèmi, apá Òjé ni wọ́n gbé mi sí. Alábòójútó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn, ó gbé fọ́ọ̀mù lé itan. Aṣọ mi mọ́, ìkọ̀wé mi gún, ohùn mi já gaara. Máàkì tó jọjú ló fún mi. Mo lọ gba ìwé àwọn ọmọ, ó lé ní ìdajì wọn tó kọ ọ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin tóbi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Mẹ́rin ṣáà ju mẹ́ta lọ! Àgbà méjì la wà nínú kíláàsì yẹn, kò sẹ́ni tó rí i.

Ẹ ti wo onílù dùndún lóde ìnáwó rí? Ojú ẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ oníjó. Oníjó yà sọ́tùn-ún, ìlù bá a yà. Onílù tó bá ń wo ọwọ́ ara ẹ̀, ìlù ẹ̀ lè dùn o, àmọ́ oníjó á lọ jókòó, kò sì sẹ́ni tó máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú.

Mo ti ń gbọ́ yín: "Ọmọ ọgọ́rin ló wà ní kíláàsì wa!" Ta ló ní kẹ́ ẹ wo ọgọ́rin? Kí akẹ́kọ̀ọ́ TP kọ̀ọ̀kan mú ọmọ mẹ́ta. Mẹ́ta péré. Kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó kọ ohun tí wọ́n kọ àti ohun tí wọ́n kọ tí wọ́n sì tún pa rẹ́. Èyí tí wọ́n pa rẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Kó má sì tọ́ka sí ìdáhùn! Ọwọ́ á máa yún un, kó ki í bọ àpò.

Ní Japan, ẹni tó kọ́ni ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó láti tú u palẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi ìtúpalẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tutù, torí ta ló fẹ́ la ẹnu fún àgbà pé iṣẹ́ ẹ̀ ò wọlé? Gbogbo wa á ní "Ẹ kú iṣẹ́ sà," ó tán. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọmọ la wò, ẹnu gbà á: "Sà, ọmọ tó wà ní bẹ́ǹṣì kejì gé búrẹ́dì náà sí mẹ́rin, ó wá ní ó ti pọ̀ sí i." Kò sẹ́ni tó tàbùkù àgbà níbẹ̀.

Ó wá kan bíbá ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ wọn pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ni, síláìdì ni wọ́n máa fi ránṣẹ́. Ẹ béèrè pé: "Kí làwọn ọmọ yín máa ń ṣì níbi ìdá?" Ẹ ó rí i pé mẹ́rin-ṣáà-ju-mẹ́ta-lọ wà lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ìgbà yẹn lẹ tó ní nǹkan tẹ́ ẹ jọ ń tú. Voice note tó o, kì í ṣe dandan kó jẹ́ Zoom. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ níbí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ní Japan, àwọn ti ń palẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti ronú kan Zambia? Wákàtí kan péré ni wọ́n fi ṣíwájú wa, láti 2005 ni wọ́n sì ti ń ṣe lesson study yìí.

Bí wọ́n bá wá bi yín pé kí lẹ̀yin náà ní, ẹ má ká ọwọ́ lẹ́rán o! Ní 1970, Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé kan ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó Ford Foundation láti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, àmọ́ ìbéèrè ibẹ̀, tiwa ni. Títí dòní làwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ kárí ayé ń tọ́ka sí i. Nítorí náà, bí ọmọ bá fi Yorùbá ṣì í, Yorùbá náà ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe bọ́ lẹ́nu ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó yá, ẹ mú lesson note ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti kọ "wọ́n fetí sílẹ̀." Ẹ ti rí i? Ẹ fagi lé e. Ẹ kọ àṣìṣe mẹ́ta síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n sábẹ́ fídíò yìí, mo máa kà wọ́n. Bátìrì kámẹ́rà mi ti ń pọ́n, iná ò sì tíì dé láti àárọ̀.