Bí Sodium àti Chlorine Ṣe Ń Di Iyọ̀: Ẹ Bá Mi Yà Á

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ SS1 àti ẹ̀yin tó ń múra WAEC. Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn níbí ni mo wà. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ mú o, ẹ fi bírò sílẹ̀, torí a máa pa nǹkan rẹ́.

Ẹ kọ Na, àmì sodium, sápá òsì. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 11 ló ní, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín alámì − tó wà yí àárín átọ́ọ̀mù ká. Ẹ ya òbíríkítí mẹ́ta yí i ká: 2 nínú èyí tó kéré jù, 8 nínú ìkejì, 1 péré níta. Ẹ fi x ṣàmì wọn. Cl, àmì chlorine, wà lápá ọ̀tún, 17 ni tirẹ̀: 2, 8, 7. Ẹ fi àmì róbótó kékeré ṣe tiẹ̀, ká lè mọ èyí tó ṣí wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ò yàtọ̀ sí èkejì.

Ó yá, ẹ fa ọfà láti x ìta sodium lọ sí ìta chlorine. Ẹ wá tún àwòrán yà. Sodium ku 10, ṣùgbọ́n prótọ́ọ̀nù 11, àwọn alámì + tó wà láàárín átọ́ọ̀mù, ṣì wà nínú rẹ̀: Na⁺. Chlorine ti ní 18, prótọ́ọ̀nù rẹ̀ 17: Cl⁻. Áyọ́ọ̀nù la wá ń pe àwọn méjèèjì báyìí. Ẹ fi àkámọ́ onígun yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, kẹ́ ẹ kọ àmì sókè. Àkámọ́ yìí lẹ máa ń gbàgbé!

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Wọ́n máa ń ní sodium ń wá ẹni tó máa gba tọwọ́ rẹ̀. Rárá o. Agbára kilojoule 496 la máa ná ká tó lè yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìta yẹn lára átọ́ọ̀mù sodium mole kan (mole ni iye pàtó tá a fi ń ka átọ́ọ̀mù). Tí chlorine bá gbà á, 349 ló ń dá padà. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Ìfàmọ́ra ló ń san án: Na⁺ àti Cl⁻ á lẹ̀ mọ́ra pinpin, Cl⁻ mẹ́fà yí Na⁺ kan ká, Na⁺ mẹ́fà yí Cl⁻ kan ká, nǹkan bí 787 á sì jáde. Torí náà, bí wọ́n bá bi yín pé kí ló so wọ́n pọ̀, ẹ má kọ "gbígbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù". Ẹ kọ ìfàmọ́ra láàárín áyọ́ọ̀nù tí àmì wọn takora. Òun náà ni kì í jẹ́ kí iyọ̀ tẹ́ ẹ rà ní Bódìjà yọ́ nínú ìkòkò gbígbẹ. Àfi tó bá gbóná dé 801°C.

Magnesium ò le: 2, 8, 2. Oxygen, 2, 6. Méjì ló ṣí lọ, ó di Mg²⁺ àti O²⁻.

Calcium wá kù: 2, 8, 8, 2. Chlorine kan ò lè gba méjì, ẹ pe chlorine méjì wá. Ẹ dá fídíò dúró, kẹ́ ẹ yà á.